Bí Mo Ṣe Lọ Pọn Omi Àná Nítorí Ẹja Inú Àpótí Dígí

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ Ìdí-Arère. Ẹni tí ó bá ní ìkòkò lórí iná kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń ké kí ó fi ọyàn sí i lẹ́nu. Èmi Ọdẹ́yọyin, ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, èmi obìnrin tí ó gbé ìbọn kọ́ èjìká nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé agbọ̀n lọ sí oko, èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé irọ́ díẹ̀ máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ ọdẹ. Irọ́ tí ó wà nínú ti òní kò ju èyí tí mo pa fún ara mi lọ, òun gan-an ni ó sì dá gbogbo ọ̀ràn náà sílẹ̀.

Nígbà yẹn, mo ti di ìyá àgbà, ṣùgbọ́n eyín mi ṣì pé, ìdí mi yìí sì ṣì gba orí àga kan ṣoṣo. Ọmọ mi obìnrin, Ọmọ́dúnní, ń gbé lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rín ọmọ náà ṣe rí. Bí Àwẹ̀ró bá bú sẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé kẹta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí wọ́n ń rín. Ewúrẹ́ tí ń jẹ èèpo iṣu yóò dá ẹnu dúró, yóò gbójú sókè wò ó.

Ọ̀sán gangan ni ọkùnrin náà dé, ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ ti là bíi gìgísẹ̀ mi yìí. Gbogbo nǹkan ni ó gbẹ, ṣùgbọ́n etí agbádá rẹ̀ ń kán omi tó, tó, tó, sí ẹnu ọ̀nà mi. Nínú ooru yẹn, ó fi ìborùn wé ọrùn títí dé àgbọ̀n. Mo wo ojú rẹ̀ títí, n kò rí i kí ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ẹrù kan tí ó fi aṣọ bò lérí. Nígbà tí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tí ó ṣí aṣọ náà, àpótí dígí ni, omi kún inú rẹ̀, ẹja mẹ́ta sì wà nínú omi náà.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ mọ ẹja, ẹja ọbẹ̀ ni ẹ mọ̀. Èyí kì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Àwọ̀ wọn ń dán bí wúrà tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Orí èkíní yọ gegele bí ẹni tí ó dé fìlà òwú, mo sọ ọ́ ní Onífìlà. Ojú èkejì yọ síta bí ojú ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn burúkú, mo sọ ọ́ ní Olójú-Ìta. Ẹ̀kẹta ni ó lẹ́wà jù. Ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ tẹ̀lé e bí aṣọ ìyàwó, mo sọ òun ní Aláṣọ-Fífà. Ikùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí roboto bí ti aboyún oṣù mẹ́jọ, wọ́n sì ń rìn nínú omi náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹni tí ó sin irú ẹja bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, ẹwà ni ó ń wá, kò bìkítà fún okun.

Ọkùnrin náà ní odò ìlú òun ti fà, òun fẹ́ tọ omi lọ títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀, òun kò sì rí ẹni tí òun lè fi ẹja òun sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ọdẹ obìnrin kan wà ní Ìdí-Arère tí ó sọ láàárín àwọn ọdẹ pé ohun ẹlẹ́mìí tí òun bá tọ́ kì í kú. Òótọ́ ni pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹmu ti wọ̀ mí lára nígbà tí mo ń sọ ọ́. Kí Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí, adìẹ mẹ́rin péré ni mo sìn rí láyé mi, mo sì jẹ mẹ́ta nínú wọn.

Ó tún la ẹnu. "Ìyá ọdẹ, ní ti omi wọn yìí, ẹ máa rí i pé—"

Mo já ọ̀rọ̀ náà gbà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ọ̀gbẹ́ni, má kọ́ mi. Ọmọ mẹ́tàdínlógójì ni ọwọ́ méjì yìí ti wẹ̀ ní àdúgbò yìí láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti bí wọn. Bí ọ̀kan nínú ẹja rẹ bá kú, mú ohun tí ó dára jù nínú ilé mi."

Ó wò mí, ó sì yí ojú rẹ̀ tí kì í ṣẹ́ yẹn sí Àwẹ̀ró, tí ó ti fi imú kan dígí, tí ó ń fi Olójú-Ìta rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́," ni ó wí. "Ẹ̀rín ọmọ yìí fún ti àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ti èkejì, èémí rẹ̀ fún ti ẹ̀kẹta. Ẹ ṣeun, ìyá ọdẹ."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Mo rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ipasẹ̀ rẹ̀ tí ó tutù sórí ilẹ̀ kò gbẹ títí ilẹ̀ fi ṣú, ní ọjọ́ kejì kò gbẹ, ní ọjọ́ kẹta bákan náà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ọlọ́gbọ́n ṣe. Ní ọjọ́ kẹrin mo wo inú àpótí náà, mo rí i pé omi ibẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, pé nǹkan tútù kan tí ń yọ̀ sì ti bo àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀. Mo ní irú ìwà ọ̀bùn wo nìyí? Ṣé báyìí ni a ṣe ń gba àlejò ní ilé Ọdẹ́tọ́lá? Mo gbé omi lọ́wọ́ọ́rọ́ kalẹ̀. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo gbé Onífìlà lé ojúgun bí a ṣe ń gbé ìkókó, mo sì fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná. Mo wo gegele orí rẹ̀, mo ní àwọn tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ kò tẹ orí rẹ̀ dáadáa, mo bá rẹ ọwọ́ sínú omi gbígbóná, mo ń tẹ̀ ẹ́ kí ó lè wọlé. Mo jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ó má baà di ojo. Mo rí ikùn rẹ̀ tí ó rí roboto, mo ní inú ti kún un, mo bu àgbo sí i lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà mo kó àwọn ẹja náà sínú abọ́, mo da gbogbo omi àpótí náà sí ìdí ewúro. Mo kó àwọn òkúta síta, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi funfun bí eyín. Mo nu dígí náà títí tí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀, mo pọn omi kànga tuntun kún un, mo sì dá àwọn ẹja náà padà sínú rẹ̀. Mo pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Gbogbo wọn ní mo ṣe é dáadáa.

Àwẹ̀ró wà ní àgbàlá nígbà yẹn. Ewúrẹ́ kan ti ki orí bọ gèlè mi níbi tí mo sá a sí, ó sì ń sáré kiri, Àwẹ̀ró sì ń rẹ́rìn-ín. Láàárín ẹ̀rín náà, ohùn rẹ̀ já bí okùn. Mo sáré jáde. Ó dúró, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo ewúrẹ́ náà bí ẹni tí ń wo ògiri. Nígbà tí mo padà wọlé, Onífìlà ti kú.

Ọmọ́dúnní bi mí pé kí ni mo sọ fún ọkùnrin yẹn. Mo ní n kò sọ nǹkan kan. Irọ́ kejì nìyẹn.

Àwọn méjì tí ó kù gòkè wá sójú omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé. Mo ní ebi ni. Mo fún wọn ní èkuru. Wọ́n tún ń la ẹnu, mo fún wọn ní ẹ̀kọ. Wọ́n tún ń la ẹnu, mo fún wọn ní ìrẹsì, mo sì ń bínú pé àwọn àlejò yìí mọ oúnjẹ jẹ jù. Ní ọjọ́ kẹta Olójú-Ìta yí ikùn sókè, ó ń léfòó bí igbá tí ó dojú dé, ojú rẹ̀ méjèèjì ń wo ìsàlẹ̀ omi. Kò kú, kò sì lè yí padà. Ní wákàtí yẹn kan náà, Àwẹ̀ró ń bọ̀ láti ilé aládùúgbò wa kan, ó gbé abọ́ lérí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ká lábẹ́ rẹ̀ bí ẹní. A gbé e wọlé, a tẹ́ ẹ sórí ẹní, ibẹ̀ ni ó sì wà, ó dojú kọ òrùlé, kò lè yí sí ọ̀tún tàbí sí òsì.

Ìrù Aláṣọ-Fífà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fàya láti etí. Bí ó ṣe ń fàya, bẹ́ẹ̀ ni èémí ọmọ náà ń tín-ín-rín.

Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́. Mo rò pé Ọmọ́dúnní yóò pariwo, pé yóò fi mí ré. Ìbá sàn fún mi. Ó kàn ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ lójú, kò wò mí. "Ìyá mi," ni ó wí, "ẹ wá ọkùnrin náà lọ. Ẹ má padà wá lọ́wọ́ òfo."

Mo mú ìbọn, ẹ̀tù, àdá, iṣu sísun mẹ́ta, ààdùn díẹ̀ àti akèrègbè kan. Mo tọ ipasẹ̀ tútù náà lọ títí ó fi wọ Igbó Adákẹ́rọ́rọ́. Ẹ kò mọ igbó náà, ẹ má sì gbàdúrà láti mọ̀ ọ́n. Ewé ibẹ̀ ń mì, kò dún. Ẹyẹ ibẹ̀ ń la ẹnu, ohùn kò jáde. Mo yin ìbọn sókè, èéfín rẹ̀ jáde, ó dákẹ́. Mo kọrin láti fi ki ara mi láyà, mo mọ̀ pé ẹnu mi ń mì, n kò gbọ́ ohun tí mò ń kọ. Èmi tí wọ́n ń gbọ́ ohùn mi láti odò dé ọjà! Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo dákẹ́ láyé mi. Ká ní ọkọ mi ṣì wà láàyè, ìbá pa ewúrẹ́ ṣe sàráà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú igbó náà ni ìró ẹnu tí ń jẹun. Iwin kan dábùú ọ̀nà, ó tóbi bí àká, kò ní ojú, kò ní ọwọ́. Gbogbo ara rẹ̀ kìkì ẹnu ni, bí ihò ara ajere, gbogbo ẹnu náà sì ń là, wọ́n ń pa dé, wọ́n ń là, wọ́n ń pa dé. Ajẹkún ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n fún òun. Mo ju iṣu kan sí i, ó gbé e mì, ó wú. Mo ju èkejì àti ẹ̀kẹta, ó wú títí igi méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ya. Mo ju ààdùn sí i. Mo ju àpò awọ mi sí i. Mo fa àdá yọ, mo ṣá a, ojú ibi tí mo ṣá di ẹnu mìíràn. Ọdẹ tí ó pa erin mẹ́ta nìyí o, ẹ má gbàgbé! Níkẹyìn n kò ní nǹkan kan mọ́, ọ̀nà sì ti dí pátápátá. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Láti ọ̀sán ọjọ́ kan dé ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo fi jókòó níbẹ̀. Mo retí pé yóò jẹ mí. Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn ẹnu náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ sì ń fọn, títí ó fi kù bí igbá ìmumi, tí ẹnu kan ṣoṣo sì ṣẹ́kù lára rẹ̀. Ẹnu yẹn ni ó fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ kí n sinmi. Gbogbo ẹni tí ó kọjá ni ẹnu mi ń bà lẹ́rù, wọ́n a ju oúnjẹ sí i. Ta ló bi mí pé kí ni mo ń wá? Afẹ́fẹ́ ni mò ń wá."

Mo rántí àwọn ẹja mi lójú omi, àti èkuru, àti ìrẹsì. Mo fi ọwọ́ ara mi gbá orí ara mi. Ajẹkún yí gbirigbiri kúrò lójú ọ̀nà, mo sì kọjá.

Ìlú kan ni mo já sí. Ìlú Mọ́-Láúláú ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ti gbá a títí ó fi kan àpáta. Kò sí koríko, kò sí eèrà, kò sí eṣinṣin kan. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ní ìpéǹpéjú, wọn kò ní ilà, awọ ara wọn sì fẹ́lẹ́ tóbẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí egungun wọn. Gbogbo ibẹ̀ ń rùn fún ọṣẹ. Obìnrin tí ó jẹ́ olórí wọn, Ìyá Afọ̀gboro, fi ọ̀yàyà kí mi káàbọ̀, ó ní ó hàn pé mo ti rìn jìnnà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo bi í pé níbo ni àwọn ọmọdé wà.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọdé máa ń dọ̀tí," ni ó wí.

Kí n tó rí ẹsẹ̀ sá, wọ́n ti dì mí mú. Wọ́n gbé mi sórí òkúta ìwẹ̀, ogún obìnrin pẹ̀lú ogún kànìnkànìn. Lọ́jọ́ kìíní wọ́n wẹ èéfín ìbọn kúrò lára mi. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wẹ ilà ojú mi nù. Lọ́jọ́ kẹta mo fẹ́ pe orúkọ ọkọ mi, n kò rí i. Lọ́jọ́ kẹrin mo bi wọ́n pé kí ni mo wá ṣe, wọ́n ní sísinmi ni mo wá sinmi, ó sì dà bí òótọ́ létí mi. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bíi tiwọn. Ara mi tutù. Mo ti fẹ́ di ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀yin èèyàn mi, kò sì dùn mí rárá. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù nígbà tí mo bá rántí rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, kí wọ́n tó gbé mi, mo rí nǹkan dúdú kan lábẹ́ èékánná ìka ọwọ́ mi tí ó kéré jù. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Nǹkan tútù tí ń yọ̀ tí mo fi èékánná họ kúrò lára òkúta ẹja ni. Òórùn odò ni, òórùn ewé tí ó rà. Orúkọ Àwẹ̀ró sì ya wọ inú orí mi bí ẹni fi èjìká ti ìlẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Ìyá Afọ̀gboro ń sọ lẹ́yìn mi pé èékánná ni ó kàn láti yọ lónìí.

Mo fò dìde ní ìhòòhò bí wọ́n ṣe bí mi, ọmú mi ń gbá mi níkùn, mo sáré tọ ojú àgbàrá tí omi ìwẹ̀ gbogbo ìlú náà ń gbà lọ. Ó já sí kòtò ńlá kan lẹ́yìn ìlú. Gbogbo ohun tí wọ́n ti wẹ̀ kúrò lára ènìyàn ni ó wà níbẹ̀, ó ti di ẹrẹ̀ dúdú. Mo bẹ́ sí i, mo yí nínú rẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀. Ilà mi padà, orúkọ ọkọ mi padà, gbogbo ìyà tí mo ti jẹ láyé padà, mo sì dúpẹ́. Nínú ẹrẹ̀ náà, ọwọ́ mi ba ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àwọn ọmọdé, wọ́n pọ̀ bí yanrìn. N kò wa ilẹ̀ síwájú sí i. Nígbà tí mo jáde, wọ́n tò sí bèbè kòtò náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè fọwọ́ kàn mí. Wọ́n ń fà sẹ́yìn, mo ń kán ẹrẹ̀ sí ilẹ̀ mímọ́ wọn, mo kọjá láàárín wọn, mo rọra mú akèrègbè mi níbi tí wọ́n fọ̀ ọ́ sí, mo lọ.

Ipasẹ̀ tútù náà parí sí ẹnu ihò àpáta kan. Nínú ihò náà, obìnrin kan jókòó ti orísun omi. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí nǹkan tútù tí ń yọ̀ yẹn ti bo gbogbo ara rẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni ó ṣì mọ́. Mo wólẹ̀, mo kí i ní ìyá. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ṣe fún un, n kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, títí kan àgbo.

Ó sọ fún mi pé orísun òun ni ọkùnrin náà ti pọn omi tí mo dà sí ìdí ewúro. Ó ní omi tuntun kò mọ ẹja. Ó ní nínú omi tí ó ti pẹ́, tí òun ń pè ní omi àná, àwọn ohun kéékèèké kan wà tí ojú kò lè rí, lára òkúta àti lára dígí ni wọ́n ń gbé, àwọn ni wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí ẹja kí ó má baà di májèlé. "Àwọn agbálẹ̀ ilé náà ni o fi ọṣẹ pa," ni ó wí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní omi àná díẹ̀.

Ó ní kí n dáhùn ìbéèrè kan ná: kí ni iṣẹ́ tí ó le jù tí ọwọ́ mi lè ṣe?

Mo ní ọwọ́ mi ti yìnbọn pa erin. Ó ní kì í ṣe èyí. Mo ní ó ti fún erè lọ́rùn pa. Ó ní kì í ṣe èyí. Mo ní ó ti wẹ ọmọ mẹ́tàdínlógójì. Ó wò mí báyìí, ó ní, "Gbé wọn lé itan."

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó gbé akèrègbè mi sí abẹ́ àpáta, omi àná sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú rẹ̀, ẹ̀kán kan fún èémí kan. Ó ní bí ọwọ́ mi bá gbéra kí akèrègbè tó kún, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ yóò di omi lásán. Nǹkan ìrọ̀rùn ni mo pè é. Ẹ̀fọn kan bà mí nímú. Mo gbá a. Omi ìdajì akèrègbè di omi lásán. Ẹ̀fọn lásán! Obìnrin náà dà á nù, a tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ẹ̀fọn inú ihò náà jẹ mí, n kò gbéra. Ejò kan gba orí itan mi kọjá, ó dúró ní àárín, ó sinmi, ó lọ. N kò gbéra. Akèrègbè ti dé ọrùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró lẹ́yìn mi.

"Ìyá àgbà," ni ó wí, "ẹ gbé mi."

Mo gbọ́ tí ó ń fà lórí ilẹ̀ ihò náà bọ̀. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ tín-ín-rín. Ó fi orí kan ẹ̀yìn mi, mo mọ̀ ọ́n, orí náà gbóná bí ó ṣe máa ń gbóná bí ibà bá mú un. Ó ní, "Ìyá àgbà, mi ò lè mí. Ẹ gbé mi, ẹ jọ̀ọ́." Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ sọ fún mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn, kò sọ pé kí n gbé òun rí kí n má gbé e. Mo fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di itan mi mú. Mo bojú wo obìnrin náà bóyá yóò sọ fún mi pé kì í ṣe Àwẹ̀ró ni. Akèrègbè ni ó ń wò. Títí di òní yìí, n kò mọ̀ bóyá òun ni tàbí òun kọ́. N kò gbéra. Ohùn náà ń rẹlẹ̀ sí i, ó ń rẹlẹ̀ sí i, ó dákẹ́. Akèrègbè kún.

Bí mo ṣe padà dé ilé, kò ṣe é ròyìn. N kò wẹ̀yìn, n kò jẹun, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo wọlé, mo rí Ọmọ́dúnní tí ó ṣì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀mí ṣì wà. Mo rọra da omi àná náà sínú àpótí ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Lẹ́yìn náà mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sì jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Ìdí mi yìí wúlò lọ́jọ́ yẹn, kò sí bí wọ́n ṣe lè yọ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni mo ń yọ ọ̀kan jáde láti fún wọn ní oúnjẹ tí kò ju èyí tí eèrà kan lè gbé lọ. Wọ́n ń la ẹnu sí mi, mo ń wo ibòmíràn. Nǹkan tútù tí ń yọ̀ yẹn tún hù sára òkúta, mo wò ó bí ẹni wo ọmọ tuntun. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé mo ti di ọ̀bùn. Mo gbà fún wọn.

Ní ọjọ́ kejìlá, Olójú-Ìta fi ẹ̀gbẹ́ kan lé omi. Àwẹ̀ró yí sí ẹ̀gbẹ́ lórí ẹní. Ní ọjọ́ ogún, ẹja náà dúró ṣinṣin, ọmọ náà sì fi ọwọ́ di ògiri mú, ó dìde. Ìrù Aláṣọ-Fífà kò fàya mọ́. Òwú tuntun, funfun, tín-ín-rín, bẹ̀rẹ̀ sí í hù sí etí rẹ̀.

Ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ni ọkùnrin náà dé. Kò kan ìlẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn Aláṣọ-Fífà wà nísàlẹ̀, kò mì, àyà Àwẹ̀ró tí ó jókòó tì mí kò sì lọ sókè. Mo jókòó lé ọwọ́ mi. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ẹja náà ju ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gòkè, ọmọ náà sì mí kanlẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣeun, ìyá ọdẹ. Méjì ni mo bá." Ó tú ìborùn rẹ̀, mo rí ojú ibi tí ó ti là ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì, tí ó ń ṣí, tí ó ń pa dé. Ó fi ìborùn náà bo àpótí.

Mo dì í mú ní etí agbádá. Mo ní ẹ̀rín ọmọ yìí ńkọ́? Ó ní èyí tí ó ti kú, òun kò lè jí i. Mo ní kí ó mú tèmi fún un.

Ó wò mí, àánú mi ṣe é, ìyẹn ni ó burú jù. "Tiyín ti tóbi jù, ìyá ọdẹ," ni ó wí. "Kò ní bá a mu." Ó gbé ẹja rẹ̀ lérí, ó wọ inú òjò lọ.

Ẹ̀yin náà mọ Àwẹ̀ró. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, èémí rẹ̀ kún àyà, kò sì fi ìgbà kankan dá mi lẹ́bi. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń ṣe wèrè nínú ilé títí gbogbo wa yóò fi máa yí nílẹ̀ fún ẹ̀rín. Òun a dúró, a máa wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà a wá jókòó tì mí, a gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé mi láyà. "Ìyá àgbà," ni yóò wí, "ẹ tún rín in." Mo máa ń rín in, bí inú mi ò tilẹ̀ dùn, títí ara mi yóò fi máa mì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun a tẹ́ etí sílẹ̀, a di ojú rẹ̀, a sì fi ọwọ́ náà síbẹ̀ títí ẹ̀rín náà yóò fi dákẹ́.